Lẹ́tà ẹjọ́ owó òògùn tó dé fún ìyá mi: ṣé ká kọ fọ́ọ̀mù yìí?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, pàápàá lọ́dọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ní fámásì àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin Amẹ́ríkà.

Maryland ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ń tọ́jú, amlodipine àti metformin ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́. Àtìgbà tí bàbá mi ti wà láyé la ti ń ra òògùn àwọn méjèèjì ní ilé òògùn ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà kan dé. Ó ní àwọn oníbàárà pe ilé òògùn náà lẹ́jọ́, pé iye tó ń gbà lórí òògùn lọ́wọ́ ẹni tó ní ìnṣọ́ránsì ju iye tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń sanwó lápò ara rẹ̀ lọ. Wọ́n ti gbà láti fi owó parí ẹjọ́ náà nítùbí-ìnùbí. Màmá sì wà lára àwọn tó lè gba nínú owó ọ̀hún, bí wọ́n bá kọ fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé.

Mo kọ́kọ́ rò pé gbájúẹ̀ ni. Àmọ́ nígbà tí mo tú agolo bísíkíìtì tí Màmá ń kó ìwé sí, ara mi bù máṣọ. Mo rí ìwé kékeré tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá òògùn, ti amlodipine oṣù mẹ́ta: kópéè bàbá mi, ìyẹn ìpín tí ìnṣọ́ránsì ní kí wọ́n fi owó ara wọn san, dọ́là 27. Ìwé ìpolówó ilé òògùn yẹn kan náà ká mọ́ ọn, ọdún kan náà ló jáde: ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ẹ̀dínwó wọn, tí kò lo ìnṣọ́ránsì, dọ́là 10 ni yóò san lórí òògùn kan náà, oṣù mẹ́ta náà ni. Bàbá mi ń wa takisí nígbà yẹn. Bí oṣù bá ń lọ sópin, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ tí a fi ń bó ọsàn gé hóró òògùn sí méjì kó lè bá wọn dé oṣù tuntun. Mo máa ń rí ìyẹ̀fun funfun rẹ̀ lórí tábìlì ìdáná. Rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n ní 2019, wọn ò sì yè é.

Ṣé òótọ́ ni lẹ́tà báyìí? Ṣé a lè béèrè ìpín bàbá mi náà? Màmá ní àwọn ò fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ìjọba má lọ fi ṣe ìdíwọ́ fún ìwé ìgbélùú àwọn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Dallas
Arábìnrin, ẹ kú àfẹ́kù bàbá. Èmi ò ní fi àkókò mi ṣòfò lórí ẹ̀. Mo ti kọ irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ rí. Ó lé lọ́dún kan kí ṣẹ́ẹ̀kì tó dé, dọ́là 6 ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn lọ́yà ló ń jẹ ẹran, egungun ló ń kan àwa.

Apòògùn ní Chicago
Ọmọ Ìjẹ̀bú, mo gbọ́ ẹ, ṣùgbọ́n kí wọ́n má jù ú nù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti lò lẹ́yìn káńtà fámásì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Bí ẹ bá mú ìwé dókítà wá, a ó fi ránṣẹ́ sí ìnṣọ́ránsì yín lórí kọ̀ǹpútà. Lára ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ síbẹ̀ ni iye tí à ń ta òògùn náà fún ẹni tó bá kàn wọlé pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, ìnṣọ́ránsì kò gbọdọ̀ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni oníbàárà. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Lọ́dún 2006, Walmart bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀pọ̀ òògùn jẹ́nẹ́ríìkì, ìyẹn ẹ̀dà òògùn tí kò lo orúkọ ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, ní dọ́là 4 fún oṣù kan, Tampa ní Florida ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé òògùn yòókù ò lè káwọ́ gbera. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ẹ̀dínwó sílẹ̀, ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ ń rà á ní pọ́ọ́kú. Ẹ̀sùn tí wọ́n wá fi kan àwọn kan lára wọn ni pé iye gíga ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣì ń kọ ránṣẹ́ sí ìnṣọ́ránsì, wọ́n ní iye ẹgbẹ́ kì í ṣe iye gbogbo ayé, ìyẹn iye tí ẹni tó wọlé pẹ̀lú owó lọ́wọ́ ń san.

Mo fẹ́ràn bí àṣírí ti Kmart, ilé ìtajà ńlá kan tó ní fámásì nínú, ṣe tú. Lọ́dún 2007, apòògùn kan tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn ní Ohio lọ gba òògùn ara rẹ̀ ní ilé òògùn mìíràn. Ó wo ìwé tí wọ́n fún un, ó rí i pé iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Medicare rẹ̀, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àgbàlagbà, kéré gan-an sí iye tí Kmart máa ń gbà. Ó padà síbi iṣẹ́, ó yẹ àkọsílẹ̀ wò, ó bá iye méjì lórí òògùn kan ṣoṣo. Ó gbé e lọ sí kóòtù. Ní 2016, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn tó wà níbí ní Chicago sọ pé bí ó bá ti rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti wọ ẹgbẹ́, iye ẹgbẹ́ ni iye gbogbo ayé. Ní 2017, Kmart fi mílíọ̀nù 59 dọ́là parí rẹ̀.

Nítorí náà, ìwé dọ́là 27 àti ìwé dọ́là 10 yẹn, ẹ ya fọ́tò wọn lónìí. Rìsíìtì máa ń ṣá. Bí àwọn yòókù ò bá sí mọ́, ẹ ní kí fámásì tẹ gbogbo àkọsílẹ̀ òògùn Màmá jáde. Ẹ̀tọ́ yín ni lábẹ́ HIPAA, òfin Amẹ́ríkà lórí àkọsílẹ̀ ìlera. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún wọn láti dáhùn, àmọ́ lójú ẹsẹ̀ ni èmi máa ń tẹ̀ ẹ́ fún èèyàn.

Lọ́yà ní Baltimore
Àbúrò, kọ́kọ́ yẹ lẹ́tà yẹn wò. Nọ́ńbà ẹjọ́ àti orúkọ kóòtù yẹ kó wà nínú rẹ̀. Má pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀. Wá nọ́ńbà kóòtù fúnra rẹ, kó o bi akọ̀wé wọn bóyá ẹjọ́ náà wà lóòótọ́. Ẹni tó bá ní kó o san kọ́bọ̀ kí owó tó jáde, olè ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ò mọ̀ ni pé ẹni tó bá dákẹ́ pàdánù nǹkan. Ẹni mélòó kan ló pe irú ẹjọ́ yìí lórúkọ gbogbo yín. Bí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí ìparí rẹ̀, ó de gbogbo ẹni tí kò kọ̀wé yọ ara rẹ̀ kúrò. Bí Màmá bá jù ú nù, wọn ò ní gba owó, wọn ò sì ní lè pe ilé òògùn náà lẹ́jọ́ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n lè yọ ara wọn kí wọ́n lè dá tiwọn pè, wọ́n sì lè kọ̀wé sí adájọ́ pé owó náà kéré. Lójú tèmi, kí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù. A kì í fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹjọ́: ní 2021, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kan ní Oakland dá CVS, ilé òògùn ńlá kan, láre nínú ẹjọ́ tó jọ èyí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, lọ́yà ń gbowó lóòótọ́, àmọ́ adájọ́ ló ń pinnu iye rẹ̀. Kì í sì í ṣe ṣẹ́ẹ̀kì nìkan ló ń tinú irú ẹjọ́ yìí jáde. Àjọ tó ń bójú tó owó ìlera ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà New England wà lára àwọn tó pe First DataBank, tó ń tẹ iye owó òògùn jáde, àti McKesson, tó ń ta òògùn lósùnwọ̀n ńlá fún àwọn fámásì, lẹ́jọ́ ní Boston, pé wọ́n gbé èlé orí iye tí wọ́n fi ń ṣírò owó òògùn láti ìdá 20 sí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. McKesson ò gbà pé àwọn jẹ̀bi, àmọ́ wọ́n san mílíọ̀nù 350 dọ́là. Adájọ́ Patti Saris fọwọ́ sí i ní 2009, ọdún yẹn náà ni First DataBank dá ìṣirò padà sí 20. Ẹni tí kò kọ fọ́ọ̀mù kankan náà jàǹfààní ìyẹn.

Ti bàbá rẹ: ẹni tí òfin bá yàn lórí ogún wọn ló lè béèrè. Register of Wills, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ogún òkú, wà ní kaúńtì yín, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ bí ẹ kò bá tíì ṣe ìwé ogún. Ti ìgbélùú: owó tí Màmá san ní àsanjù ni wọ́n ń dá padà, kì í ṣe owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Bí wọ́n bá ń gba SSI, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún àgbàlagbà àti aláìlera tí kò lówó, nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra, torí owó tó wà lọ́wọ́ ẹni tó dá wà kò gbọdọ̀ ju dọ́là 2,000 lọ níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní Houston
Èmi, ọ̀bẹ ọsàn yẹn ló ń dùn mí. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó bóyá Màmá náà ń gé tiwọn. Metformin tí wọ́n bá kọ ER sí lára, a kì í gé e, a kì í sì í rún un. Wọ́n ṣe é kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Bí ẹ bá sì ti dé káńtà, ẹ bi wọ́n: èló ni láìlo ìnṣọ́ránsì? Àdéhùn kan wà tẹ́lẹ̀ tó di àwọn apòògùn lẹ́nu, wọn ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún yín. Òfin méjì tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2018 ló tú wọn lẹ́nu. Kẹ́ ẹ kàn mọ̀ pé owó tí ẹ bá san láìlo ìnṣọ́ránsì, wọn kì í sábà kà á mọ́ iye tó yẹ kẹ́ ẹ san pé lọ́dún kí ìnṣọ́ránsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣé gan-an o. Mo pe kóòtù fúnra mi láàárọ̀ òní, ẹjọ́ náà wà. Mo gbé Màmá lọ sí fámásì, ọmọbìnrin tó wà ní káńtà tẹ ìwé mẹ́sàn-án jáde fún wọn. Wọ́n jókòó sínú mọ́tò, wọ́n ń fìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ka iye rẹ̀ sókè. Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Hóró òògùn tí bàbá ẹ ń gé sí méjì, owó rẹ̀ ló wà níbí yìí?" Mi ò rí èsì fọ̀.

A ti fi fọ́ọ̀mù Màmá ránṣẹ́. Ọjọ́ Ajé la máa lọ sí Register of Wills. Ìwé ikú bàbá wà lọ́wọ́ wa, àmọ́ Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, a ò sì rí ìwé rẹ̀ mọ́. Ṣé ẹnì kan mọ bí mo ṣe lè gba ẹ̀dà rẹ̀ láìwálé?