Ìfúnpá Màmá: ohun tí ìwé kékeré wa fi hàn wá

Àkọ́bí Obìnrin:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Ó ti pẹ́ tí Màmá mi ti ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Gbogbo ìgbà tí a bá dé iwájú dókítà, nọ́ńbà òkè nínú méjì tí ẹ̀rọ ìfúnpá ń gbé jáde kì í dín sí 160, wọ́n á sì tún fi òògùn kún òògùn. Bẹ́ẹ̀, nílé, òòyì ń kọ́ wọn bí wọ́n bá ti dìde. Ẹ̀rù ìṣubú ló ń bà mí. Dókítà tuntun kan ló ní òun ò ní fi nǹkan kan kún un títí a ó fi wọn ìfúnpá Màmá nílé fún ọjọ́ 7.

Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ òkè apá ni kí a rà, kí a fi ti ọrùn ọwọ́ sílẹ̀. Ó wọn apá Màmá pàápàá, torí bí aṣọ ẹ̀rọ bá fún jù, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Láàárọ̀, kí wọ́n tó lo òògùn, Màmá á kọ́kọ́ lọ tọ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì á wà nílẹ̀, apá á wà lórí tábìlì ní déédéé àyà. Ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀! Èyí ló ṣòro jù, torí Màmá fẹ́ràn ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ-ọmọ ò sì yéé béèrè nǹkan. A ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú 1 á wà láàárín. Bákan náà lálẹ́. Gbogbo rẹ̀ la kọ sílẹ̀, a ò ṣa èyí tó dára.

Dókítà yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò, ó ro ìyókù pọ̀, ó fi iye ìgbà tí a wọ̀n ọ́n pín in: 128/74. Nílé, 135/85 sókè ni wọ́n ń kà sí gíga. Lọ́dọ̀ dókítà, 140/90. Àyà tó ń já Màmá lọ́hùn-ún ló ń gbé e sókè. Ó ní kí wọ́n dìde dúró, ó tún un wọ̀n kí ìṣẹ́jú 3 tó pé: nọ́ńbà òkè ti já sí 102. Ó ní bó bá ti fi 20 wálẹ̀ báyìí, àgbà lè ṣubú. Ó dín òògùn kan kù, òòyì náà sì rọlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ọmọ Bàbá:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Òdìkejì ni ti Bàbá wa. Lọ́dọ̀ dókítà, ó dára. Nílé láàárọ̀, ó ń lé ní 150. Ìwé tí a kọ ló jẹ́ kí nọ́ọ̀sì béèrè gbogbo òògùn tí wọ́n ń lò, ibẹ̀ ni ibuprofen, òògùn ìrora tí Bàbá ń lò sí orúnkún, ti jáde. Ó lè gbé ìfúnpá sókè, a ò mọ̀. Nígbà tó wá sọ̀ kalẹ̀, Bàbá ní àwọn ti yá, àwọn ò lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ wọ́n: òògùn yẹn ló jẹ́ kó dára.

Ẹ̀gbọ́n, bó bá wá ga gan-an lójijì ńkọ́?

Àkọ́bí Obìnrin:
Bó bá dé 180/120, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Àmọ́ bí àyà bá ń dùn wọ́n, tí wọn ò lè mí dáadáa, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu wọn tàbí tí apá kan rọ, ẹ má wulẹ̀ tún un wọ̀n. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.