"Ẹ̀dà" kọ́ ni M16A2

Àbá tó wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe máa sọ̀rọ̀ ìbọn ní Yorùbá ni pé kí a máa pe M16A1, M16A2 àtàwọn tó tẹ̀ lé wọn ní "ẹ̀dà" M16, ìbọn àwọn ológun Amẹ́ríkà. N kò fara mọ́ ọn. Èyí tí a wo òmíràn ṣe ni Yorùbá ń pè ní ẹ̀dà: ẹ̀dà ìwé, ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́. Ìbọn tí orúkọ yẹn bá mu ni CQ tí ilé-iṣẹ́ Norinco ní Ṣáínà rọ, torí M16A1 ni wọ́n wò rọ ọ́. A2 kò wo A1 kọ. Wọ́n rí ibi tí A1 kù sí, wọ́n sì tún un ṣe.

"Àtúnṣe" ló tọ́ lójú tèmi. Bí àwọn ológun Amẹ́ríkà ṣe ń sọ ọ́ lórúkọ gan-an nìyẹn. X inú XM16E1, orúkọ tí M16A1 ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ń sọ pé ìdánwò ṣì ni. Nígbà tí wọ́n gbà á wọlé pátápátá ní 1967, X àti E kúrò, A1 rọ́pò wọn: àtúnṣe àkọ́kọ́.

Àwọn kan ní "àtúnṣe" ń dún bíi pé nǹkan bàjẹ́. Ó kúkú bàjẹ́! Ìbọn tí Eugene Stoner ṣe ní ilé-iṣẹ́ ArmaLite, tí ilé-iṣẹ́ Colt ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1959, bá ẹ̀tù mìíràn pàdé ní Vietnam, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀tù tuntun yìí mú kí ìbọn máa yára jù, ó sì ń fi èérí sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ihò tí ọta ń wọ̀ kò ní kúróómù, irin tí kì í dípẹtà, lára, ọ̀rinrin sì ń mú un dípẹtà. Èèpo ọta á há síbẹ̀, irin tó yẹ kó fà á jáde á ya etí rẹ̀, jagunjagun á wá máa fi ọ̀pá tì í láti ẹnu ìbọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì rí irinṣẹ́ ìnubọn gbà. Àtúnṣe ló mú kúróómù wá, ohun tó ń dín eré ìbọn kù, irinṣẹ́ ìnubọn, àti ihò nínú ìdí ìbọn láti kó wọn sí. Àní ohun oníka mẹ́ta tó ń bo iná ẹnu ìbọn, tí koríko máa ń há sí, wọ́n so orí àwọn ìka rẹ̀ pọ̀.

Ti A2, tí àwọn Marine, ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ń jà láti orí omi bọ́ sílẹ̀, gbà ní 1983, yàtọ̀: ọta ló yí padà. Orí ọta kúrò ní nǹkan bíi gíráàmù 3.6, ó di 4, ó sì gùn sí i. Èyí tó gùn gbọ́dọ̀ yí kíákíá kó tó lè dúró ṣánṣán lójú afẹ́fẹ́, nítorí náà ni ìlà inú ọ̀pá ìbọn, tó ń mú ọta yí, ṣe kúrò ní yíyí ẹ̀ẹ̀kan nínú ínǹṣì 12 bọ́ sí ẹ̀ẹ̀kan nínú ínǹṣì 7. Ẹ fi ọta tuntun yìí sínú A1, á máa tàgẹ̀gẹ̀ lọ, á sì fi ẹ̀gbẹ́ lu àfojúsùn. Níbí ni mo ti fẹ́ kí a ya "ìlọ́" sọ́tọ̀ kúrò lára "ìyípo". Ọ̀pá ìbọn ló ní ìlọ́, ọta ló ní ìyípo. Ìlọ́ kì í yí padà títí ọ̀pá á fi gbó. Ìyípo ń bá eré ọta lọ.

Ẹni tó dábàá "ìyìn-mẹ́ta" fún yíyìn tó ń tú ọta mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò gbé wa lọ. Yàtọ̀ sí èyí, "mẹ́ta" gan-an kì í sábà pé. Jíà tó ń kà á nínú A2 kì í padà sí ìbẹ̀rẹ̀: bí ẹ bá jọ̀wọ́ ìfà lẹ́yìn méjì, ẹyọ kan ni yóò yìn nígbà tí ẹ bá tún fà á. "Àyìn-ò-ju-mẹ́ta" bá òótọ́ mu.

Ibi A3 ni àbá tèmi ti mẹ́sẹ̀, mo gbà. A2 ni A3, àfi pé ó ń yìn láìdúró dípò mẹ́ta; kò gba ipò A2, àwọn ológun ojú omi ló lò ó jù. Àtúnṣe kọ́ nìyẹn, oríṣi ni. N kò ní pè é ní "ẹ̀yà", torí "ẹ̀yà ìbọn" lè jẹ́ ìfà tàbí ìdí ìbọn. A4 padà sí ọ̀nà àtúnṣe: ọwọ́ tí a fi ń gbé e di ohun tó ṣeé tú, kí a lè so awò ìfojúsùn mọ́ orí ìbọn.

Ó ku M4, ìbọn mìíràn tó bá M16 tan, tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 14.5, tí ti M16 sì jẹ́ 20. "Agékúrú" tí wọ́n pè é yóò ṣi ènìyàn lọ́nà, bíi pé ẹnì kan fi ayùn gé M16. Ihò tí gáàsì ń gbà jáde láti ọ̀pá ti sún mọ́ ẹ̀yìn ju ti M16 lọ, gáàsì tó ń ti irin inú ìbọn ṣí ń débẹ̀ pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, irin náà sì ń tètè ṣí. Kúkúrú ni wọ́n dìídì ṣe é. "Ìbọn kúkúrú" tó o.