Mẹkáníìkì ní kí n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì Corolla tí mi ò tíì san owó rẹ̀ tán

Awakọ̀_Agége

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Corolla 2005 ni mo gbà ní háyà pọ́ṣéèsì, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, lítà 1.8. Nínú ìwé tí a jọ fọwọ́ sí, àsansílẹ̀ jẹ́ 600,000 náírà, lẹ́yìn náà 45,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 96, ọkọ̀ á sì di tèmi. Mo ti san ọ̀sẹ̀ 51, mi ò jẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ kankan. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọwọ́ ooru gun òkè, omi ń hó, èéfín funfun ń jáde ní sàlẹ́ńsà. Mo pa á lójú ẹsẹ̀. Mẹkáníìkì ẹni tó ni ọkọ̀ wò ó fún bí ìṣẹ́jú 10, ó ní ẹ́ńjìnnì ti lọ, kí n mú 850,000 wá fún tòkúnbọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì yẹn nìkan ni mo gbọ́dọ̀ tún un ṣe, owó ọ̀sẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dúró. Ṣé kí n wá owó ẹ́ńjìnnì, àbí kí n dá ọkọ̀ padà?

Bàbá_Irinṣẹ́

Àbúrò, má tíì san kọ́bọ̀. Ohun tí o kọ yìí jọ top gasket (irin pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) tó jó ju ẹ́ńjìnnì tó kú lọ, ìṣẹ́jú 10 kò sì tó láti fi mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì.

Fa ìwọ̀n ọ́ìlì (dipstick) yọ kí o tó ṣe ohunkóhun. Tí ọ́ìlì bá ti funfun bíi tíì oní-mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀, má ṣe tan ọkọ̀ náà rárá, nítorí omi kì í jẹ́ kí ọ́ìlì dáàbò bo bíárìn, ibẹ̀ gan-an ni ẹ́ńjìnnì ti máa ń kú tòótọ́. Tí ọ́ìlì bá mọ́, dúró di òwúrọ̀. Fọwọ́ tẹ hóòsì òkè rédíétọ̀ kí o tó ṣí ìdérí. Tó bá ṣì le gbagidi lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú, afẹ́fẹ́ láti inú sílíńdà ti ń wọ ibi omi. Ṣí ìdérí, bu omi kún un, tan án fún ìṣẹ́jú 2 péré. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ru sókè nínú omi láìdáwọ́ dúró nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, gasket ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ní kí wọ́n yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n sì wọn compression, ìyẹn agbára tí afẹ́fẹ́ ń ní nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan tí písítìnì bá fún un. Bátìrì gbọ́dọ̀ lágbára, kí wọ́n sì tẹ tọ̀rótù (ẹsẹ̀ epo) dé ìsàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí tó bá pé máa ń sún mọ́ 189 psi. Kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 145, ìyàtọ̀ láàárín sílíńdà kan sí èkejì kò sì gbọ́dọ̀ kọjá bíi 15. Bí méjì tó fara kanra bá lọ sílẹ̀ pa pọ̀, gasket ti já láàárín wọn. Kán ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú èyí tó lọ sílẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n. Tó bá gòkè, ríìngì ló ti jẹ. Tí kò bá yí padà, fáàfù tàbí gasket ni. Kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, kí o ya fọ́tò géèjì náà, wàá nílò wọn nígbà tí ẹ bá jọ ń sọ̀rọ̀ owó.

Tó bá jẹ́ gasket, irú iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe ló máa sọ bóyá yóò pẹ́. Kí wọ́n gbé tọ́ọ̀pù sílíńdà (orí ẹ́ńjìnnì) lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ, kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ dán an wò bóyá ó ti sán, kí wọ́n sì wọn bóyá ojú rẹ̀ ti tẹ̀. Tó bá ti kọjá 0.05 mm, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fá a. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi díìsìkì ìlọrin ha ojú rẹ̀ tàbí ti búlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì). Álúmíníọ́mù ni méjèèjì. Ibi tó bá jinlẹ̀ díẹ̀ ni gasket tuntun yóò tún ti jó. Ihò bóòtù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nínú búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ gbẹ. Ọ́ìlì tàbí omi tó bá kù síbẹ̀ á jẹ́ kí bóòtù dà bí ẹni pé ó ti le nígbà tí kò tíì le, ó sì lè la búlọ́ọ̀kù. Ra bóòtù tuntun, kí wọ́n fi torque wrench (sípánà tó ń wọn bí bóòtù ṣe le tó) mú wọn láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀ títí dé 49 Nm, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n yí i ní 90° sí i. Mẹkáníìkì tí kò ní torque wrench kò yẹ kó fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sílíkọ́ọ̀nù pa gasket irin.

Ohun tó fà á ńkọ́? Ẹ gbọ́dọ̀ rí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gasket tuntun á tún jó. Ẹ wo fáànù àti riléè rẹ̀, pọ́ńpù omi, ìdérí rédíétọ̀, àti tẹ́mósítáàtì (èyí tó ń ṣí ọ̀nà fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná). Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló máa ń yọ tẹ́mósítáàtì dànù, èyí tó ń ba nǹkan jẹ́: ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù lórí eré, á sì máa jẹ epo. Bíi 82°C ni tirẹ̀ máa ń ṣí. Má bu omi kànga sínú ẹ́ńjìnnì álúmíníọ́mù. Coolant (oògùn omi rédíétọ̀) àti omi distilled, ìdajì-ìdajì, bíi lítà 6 ni yóò gbà.

Ìwé_Àdéhùn

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká wo ìwé náà, nítorí owó púpọ̀ ló wà níbẹ̀.

Níwọ̀n bí ìwé yín ti sọ pé ọkọ̀ á di tiyín lẹ́yìn owó ìkẹyìn, Òfin Hire Purchase ti 1965 kàn yín. Iye yòówù kí ọkọ̀ jẹ́, òfin náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Abala 3 sọ pé gbólóhùn tó bá fi dandan mú ẹni tó gba ọkọ̀ pé kó lo mẹkáníìkì kan tí kì í ṣe èyí tó fúnra rẹ̀ yàn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin lẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ẹni tí yóò tún un ṣe.

Ẹ wá fara balẹ̀ ṣe ìṣirò yìí. Gbogbo owó ọkọ̀ jẹ́ 4,920,000. Ẹ ti san 2,895,000. Abala 9 sọ pé tí ẹ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó ọkọ̀, ẹni tó ni ín kò lè gbà á padà lọ́wọ́ yín láìgba ilé ẹjọ́. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún náà jẹ́ 2,952,000. Ó ku 57,000. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Ẹ má ṣe kó owó ọ̀sẹ̀ méjì yìí sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ san án, kí ẹ gba rísíìtì, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà. Tó bá wá fipá gbé ọkọ̀ lẹ́yìn ìyẹn láìlọ sí kóòtù, àdéhùn ti parí, ẹ sì lè gba gbogbo ohun tí ẹ ti san padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọlé láìsan. Tí owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá ti wà nílẹ̀ láìsan, òfin kan náà gbà á láyè láti gbé ọkọ̀ lọ pa mọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ohun tí ẹ máa bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kó sún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí ìparí, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé tuntun tí kò dárúkọ 2,895,000 tí ẹ ti san. Tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń làjà, wọn kì í gba owó.

Ladipo_Páàtì

Tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ẹ́ńjìnnì ti ń kan (knock) gan-an, tàbí búlọ́ọ̀kù ti sán, nígbà náà ni kí o máa wá tòkúnbọ̀. Má ra èyí tí wọn kò wọn compression rẹ̀ lójú rẹ. Béèrè bóyá ó wá pẹ̀lú áltánétọ̀, pọ́ńpù àti wáyà, torí èyí tó wá ní ìhòòhò máa ń ná ni lówó lẹ́yìn. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sórí rísíìtì, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí o lè dá a padà. Nọ́ńbà yẹn yàtọ̀ sí ti inú ìwé ọkọ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ tó lọ yí i padà ní ọ́fíìsì láísẹ́ńsì, tí ọlọ́pàá bá dá ọ dúró kí o lè fi ìwé hàn.

Àwọn 1ZZ tó ṣáájú bíi àárín 2005 máa ń mu ọ́ìlì nítorí ihò ọ́ìlì tó kéré lára písítìnì. Wo inú ihò plọ́ọ̀gì. Tí dúdú ọ́ìlì bá kún ibẹ̀, fi í sílẹ̀.

Awakọ̀_Agége

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá mi gbogbo. Ọ́ìlì mọ́, hóòsì sì le gbagidi láàárọ̀ yìí. Tí mo bá dá ọkọ̀ padà ńkọ́?

Ìwé_Àdéhùn

Ẹ ti kọjá ìdajì, 2,460,000, nítorí náà abala 8 jẹ́ kí ẹ fi ìwé dá a padà láìsan kún un, bí ẹ kò bá jẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ kankan, tí kò sì sí pé ẹ ṣe ọkọ̀ náà níṣekúṣe. Àmọ́ owó tí ẹ ti san ti lọ. Owó tó kù jẹ́ 2,025,000. Ẹ fi iye tí gasket máa gbà kún un, kí ẹ béèrè iye tí irú Corolla yẹn ń lọ lọ́jà báyìí. Tí ọjà bá ju àròpọ̀ yẹn lọ, ẹ tún un ṣe.

Bàbá_Irinṣẹ́

Tí o bá tún un ṣe, pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà lọ́jọ́ tí wọ́n bá dè é tán, tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn 500 km. Jẹ́ kí fáànù tan lẹ́ẹ̀mejì níwájú rẹ kí o tó gba kọ́kọ́rọ́.