Ọkọ̀ ìgbòkun ọ̀fẹ́: ṣé kí n gbà á ni, àbí kí n sá?

Táyọ̀, Southampton
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú òtútù. Ìbéèrè mi lè pa yín lẹ́rìn-ín. Bàbá òyìnbó kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní ọkọ̀ ojú omi kan, onígbòkun, ẹsẹ̀ bàtà 28, tó ní ibi ìdáná àti ibùsùn mẹ́rin nínú. Ó ní orúnkún òun ò gbé òun mọ́, pé kí n fún òun ní pọ́n-ùn kan péré kó lè jọ ọjà, kí n máa mú un lọ. Ìyàwó mi ti ń yọ̀, àwọn ọmọ ti sọ ọ́ lórúkọ. Àmọ́ ọkàn tèmi ò balẹ̀. Ta ló ti ní irú ẹ̀ rí nínú wa?

Kọ́lá Essex
Pọ́n-ùn kan! Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ò bá fẹ́, ẹ fi nọ́ńbà bàbá yẹn ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá Dámi, Kent
Kọ́lá, o ò mọ ohun tó ò ń tọrọ. Táyọ̀, fara balẹ̀ ka èyí. Á gùn díẹ̀, torí mo wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó ti dúró sójú kan láti ogún ìṣẹ́jú, inú sì ti ń bí mi tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún 2017 ni mo ra tèmi, ẹsẹ̀ bàtà 26, £4,500. Ọdún 1976 ni wọ́n kàn án, ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni: irin wúwo méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀ dípò ẹyọ kan, kó lè dá dúró tí omi bá fà. Lórí odò Medway níbí, tó o bá dé láàárọ̀ wàá bá omi, tó bá fi máa dọ̀sán ẹrẹ̀ ló kù, omi á ti tán lẹ́yìn ẹja.

Owó tí mo fi rà á kọ́ ló dùn mí. Owó ìdúró ni. Márínà ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ (kì í ṣe Màrínà ti Èkó o), mítà ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n ẹ̀. Bí ọkọ̀ ẹ bá ṣe gùn tó lo ṣe máa sanwó tó. Apá mi ò ká márínà gidi, etí ẹrẹ̀ ni mo gbé tèmi sí, síbẹ̀ £1,150 ni lọ́dún. Òjò ni o, yìnyín ni o, bó o dé ibẹ̀ bó ò dé ibẹ̀, owó ń lọ.

Ìyẹn ò tíì kan ìtọ́jú. Lọ́dọọdún wàá sanwó kíréènì kí wọ́n gbé e sókè, wọ́n á fi omi líle fọ ìdí ẹ̀, wàá ha àwọn ìkarahun wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn, wàá wá kun ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí wọ́n padà wá. Ọ̀dà yẹn wọ́n bí ẹni pé òróró ìyàsímímọ́ ni. Wàá pààrọ̀ síńkì tí wọ́n dè mọ́ ọn nísàlẹ̀, èyí tí wọ́n fi ṣe ẹran ìrúbọ kí omi iyọ̀ lè máa jẹ ẹ́ dípò irin tó ń ti ọkọ̀ lọ. Àwọn ínṣọ́ránsì náà ń bẹ níbẹ̀. Owó tiwọn ò pọ̀, £165 ni tèmi, àmọ́ lọ́dún 2019 wọ́n ní tí àwọn wáyà tó di òpó mú bá ti lé lọ́dún mẹ́wàá, àwọn ò ní sanwó tí òpó bá ṣubú. Ta ló fẹ́ kí òpó ṣubú? Mo pààrọ̀ gbogbo wáyà náà, £1,900. Ìyàwó mi bi mí pé ṣé góòlù ni wọ́n fi lọ́ ọ ni.

Lọ́dún tí mo lò ó jù lọ, tí mi ò tíì pààrọ̀ wáyà kankan, £2,700 ló bá a lọ. Ìgbà mọ́kànlá ni mo jáde. Ẹ bá mi pín in.

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Èmi àti Dámi ń bọ̀ láti Queenborough, atẹ́gùn ti kú, ẹ́ńjìnnì la fi ń bọ̀. Aago ìkìlọ̀ bá ń han, òórùn rọ́bà tó ń jó ń jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, mo dorí kodò sínú ihò náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Rọ́bà kékeré kan wà nínú pọ́ǹpù tó ń fa omi òkun wọlé kó lè tu ẹ́ńjìnnì lára. Kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ó ní apá mẹ́fà bí ìràwọ̀. Mo yọ ọ́, mo ka apá ẹ̀: márùn-ún. Mo tún un kà. Ìkẹfà ti já, ó ti bá omi wọ páìpù, ó lọ dínà síbẹ̀. Mo ní rọ́bà tuntun lọ́wọ́, £19 péré. Ègé tó já yẹn ló fi wákàtí méjì lù mí kí n tó fi wáyà ìkọ́ṣọ fà á jáde, omi sì ń fà lọ lábẹ́ wa ní gbogbo ìgbà yẹn. Orí ẹrẹ̀ la sùn mọ́jú. Gààrí àti ẹ̀pà la jẹ. Dámi ní ọjọ́ yẹn lòun gbádùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, kí ló mọ̀!

Kọ́lá Essex
Ẹ̀gbọ́n, mo ti yọwọ́. Àmọ́ ẹ sọ òótọ́, ṣé ẹ ò tiẹ̀ fi dé Faransé rí ni?

Bàbá Dámi, Kent
Faransé kẹ̀! Nígbà yẹn páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ní, pẹ̀lú ìwé ìgbélùú aláìlópin. Mo rò pé tó bá ti jẹ́ ọkọ̀ tèmi ni, ta ló máa dá mi dúró lójú agbami? Irọ́ ni. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ tara ẹ̀ dé Calais nílò físà Schengen gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wọ bàálù, èbúté tí àwọn aṣọ́bodè wà lo sì gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Tó o bá ń padà bọ̀, wàá tún kọ̀wé ṣáájú sí àwọn aṣọ́bodè ti ibí. Láti ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn onípáásípọ́ọ̀tù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pupa àti búlúù, náà: àádọ́rùn-ún ọjọ́ péré nínú ọgọ́sàn-án lo ní. Mo máa ń dúró ní etí òkun Dover tójú ọjọ́ bá mọ́, kí n máa wo Faransé lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni ń wo ẹran nínú ọbẹ̀ aládùúgbò.

Ìyá Ìbejì, Maryland
Bàbá Dámi, ẹ ò ní pa mí! Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa níbí, torí ọkọ mi náà kó àrùn yìí. Lórí Chesapeake Bay ni. Ó fẹ́ forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Coast Guard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun ìjọba àpapọ̀, kó lè dà bí àwọn èèyàn ńlá. Wọ́n ní ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, green card ò tó. Lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ la ti wá gbàwé, àwọn yẹn sì gba 5% owó tá a fi rà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Tí November bá ti ń wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ fa oògùn pupa kan gba inú ẹ́ńjìnnì àti gbogbo páìpù omi, torí tómi bá di yìnyín sínú irin, irin á sán. Ọdún kan ọkọ mi ní òun á ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má bi mí bó ṣe parí.

Èmi ni mo tà á níkẹyìn. Mo kó gbogbo ẹrù inú ẹ̀ jáde, gbogbo ẹ̀ pátá, títí kan bàtà àti ìkòkò. Mo fi ọtí kíkan nu ara ògiri, mo ṣí fèrèsé fún ọjọ́ mẹ́ta kí òórùn dísẹ́ẹ̀lì àti ti ṣáláńgá inú ẹ̀ lè lọ, kí n tó ya fọ́tò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi lọ. Oṣù méje gbáko ni ọkọ mi ti fi ń ta ọkọ̀ kan náà tí búláńkẹ́ẹ̀tì tútù ń bẹ nínú fọ́tò.

Ọmọ Ìlàjẹ, Portsmouth
Ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ tán o. Ìgbókòdá ni wọ́n bí mi, ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe ni mò ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ọkọ̀ dára fún ẹni tó fẹ́ràn àtifi ọwọ́ ara ẹ̀ tún nǹkan ṣe. Ẹni tó ń pe oníṣẹ́ fún gbogbo nǹkan lowó ẹ̀ máa tán.

Táyọ̀, ṣáájú gbogbo ẹ̀, bi bàbá náà léèrè ọjọ́ orí wáyà òpó. Wo àwọn ẹnu páìpù tó gba ìdí ọkọ̀ kọjá. Tí wọ́n bá fi idẹ lásán ṣe é, ki ọ̀bẹ díẹ̀ síbẹ̀: tí ara ẹ̀ bá ti ń pọ́n bíi bàbà, iyọ̀ ti fa síńkì inú ẹ̀ tán, ó lè ṣẹ́ nígbàkigbà, òkun á wọlé. Fẹsẹ̀ tẹ orí ọkọ̀ káàkiri, ibi tó bá rọ̀ tàbí tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, omi ti wọ pákó abẹ́ ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wàá fi owó ra ọkọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ra irú èyí tó wọ́pọ̀. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Centaur, tí ilé iṣẹ́ Westerly kàn láti 1969 dé 1980, lé ní 2,000. Kò sí àìsàn ara ẹ̀ tí ẹnì kan ò tíì wò sàn.

Táyọ̀, Southampton
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ṣùgbọ́n tí mo bá lò ó fún ọdún kan tó sú mi, ṣebí mo lè tà á? Pọ́n-ùn kan ni mo máa fi rà á, èrè nìkan ló kù.

Bàbá Dámi, Kent
Hẹn-ẹn, ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn.

Lọ́dún 2021, nígbà tí kòrónà sé gbogbo èèyàn mọ́lé tí wọ́n ń wá ọkọ̀ bí ẹni ń wá epo bẹntiróòlù, ẹnì kan fi £4,200 lọ̀ mí. Mo ní rárá, £5,000 ni, ṣebí mo ti fi £1,900 ra wáyà nìkan? Ojú mi ò rí i pé ẹni tó ń rà kì í san owó wáyà fún èèyàn. Lóun tiẹ̀, ọkọ̀ tí òpó ẹ̀ dúró dáadáa lòun ń rà.

March 2022 ni mo wá gbé e síta tọkàntọkàn. Alágbàtà kan ní 8% lòun ń gbà, inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo ka ìsàlẹ̀ ìwé: owó tiẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí £1,500. Lórí ọkọ̀ tí ò tó £4,000! Mo ní kó máa lọ, mo ta á fúnra mi. Ni àwọn a-wò-má-rà bá dé. Tọkọtaya kan wá, wọ́n jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n tú oúnjẹ ọ̀sán wọn, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní ibẹ̀ tura, ó dàbọ̀. Ẹlòmíì fi ìméèlì ránṣẹ́ pé òun á san ju iye tí mo pè lọ, kí n fi ìyókù ránṣẹ́ sí ẹni tó máa wá gbé e. Ọmọ Ṣàgámù ni wọ́n fẹ́ fìyẹn mú!

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí náà, kì í dùn mọ́ni: ohùn àwọn kan yí padà lórí fóònù tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ mi. Oògùn tí mo lò ni ìwé. Mo to gbogbo ìwé ìtajà láti ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ náà dórí mi sínú fáìlì kan, pẹ̀lú rìsíìtì VAT àtijọ́, mo ya fọ́tò ẹ̀ sínú ìpolówó. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìwé Small Ships Register, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ kéékèèké níbí, tí ọmọ Commonwealth tó ń gbé ibí náà lè gbà, kò fi hàn pé ìwọ lo ni ọkọ̀. Kò ju nọ́ńbà lọ. Ìwé ìtajà ni ẹ̀rí. Táyọ̀, rí i pé bàbá yẹn ní tiẹ̀, kó sì kọ tuntun fún ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn kan.

Ẹni tó rà á níkẹyìn fi 10% sílẹ̀, ó mú ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò wá. Onítọ̀hún rí ibi tó rọ̀ lórí ọkọ̀, wọ́n gé £600. June 2023, £2,300 wọ ọwọ́ mi. Ẹ yọ owó ìdúró láti 2021 kúrò nínú ẹ̀, ẹ ó rí i pé ńṣe ni mo sanwó fún un kó gbé e lọ.

Èmi ṣì ríre. Tí ò bá rí oníbàárà rárá, kò ṣeé gbé jù sóko. Pílásítíìkì tí wọ́n fi okùn gíláàsì kì ni ara ẹ̀, kò ṣeé yọ́ bí irin. Ọgbà kan ní £2,000 làwọn máa gbà láti rún un. Má sì ronú pé wàá fi í sílẹ̀ sá lọ: òfin 1977 kan wà tó gba ọlọ́gbà láyè láti ta á tí gbèsè bá pọ̀, tí owó náà ò bá sì tó, wọ́n á tọ̀ ẹ́ wálé.

Ọmọ Ìlàjẹ, Portsmouth
Òótọ́ lẹ sọ. Táyọ̀, bi í ní ohun kan sí i: ibi tí ọkọ̀ náà dúró sí, ṣé ó máa bá ọkọ̀ wá? Níbi púpọ̀, ààyè kì í tẹ̀ lé ọkọ̀. Tó o bá gbà á tán, wọ́n lè ní kó o gbé e kúrò lọ́la.

Táyọ̀, Southampton
Ẹ kú àlẹ́ o. Mo lọ wò ó lánàá. Wáyà òpó: 2006. Ààyè ò bá ọkọ̀ wá, àti pé gbèsè oṣù mẹ́ta, £1,340, wà lórí ẹ̀ tí bàbá ò mẹ́nu kàn. Nígbà tí mo bi í, ó rẹ́rìn-ín, ó ní lọ́dún 2014, pọ́n-ùn kan lòun náà fi gbà á.

Mi ò gbà á. Àwọn ọmọ ò bá mi sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Èmi àti bàbá náà ti jọ ṣàdéhùn pé lọ́jọ́ Sátidé òun á gbé gbogbo wa jáde lórí ẹ̀, èmi á gbé oúnjẹ, màá ra dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀gbọ́n Ìlàjẹ, irú bàtà wo ni kí n wọ̀ fún wọn?

Ọmọ Ìlàjẹ, Portsmouth
Èyí tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ rọ́bà funfun, torí dúdú máa ń fa ilà sórí ọkọ̀. Kí gbogbo wọn wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì kí wọ́n tó kúrò ní èbúté. Ìrẹsì ni kẹ́ ẹ gbé, má gbé ẹ̀fọ́ rírò lọ, ọkọ̀ máa ń dẹ̀gbẹ́.

Kọ́lá Essex
Sátidé aago mélòó?