Fíìmù Yorùbá tuntun wo ló tó jókòó tì? Màmá mi ti dé sí Lọ́ńdọ̀nù

Adùkẹ́ Peckham:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Màmá mi ti dé láti Ìbàdàn, òtútù ò jẹ́ kí wọ́n ráyè jáde, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń bá ṣeré látàárọ̀ dalẹ́, wọn ò sì gbádùn tòyìnbó rárá, wọ́n ní ńṣe ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ sínú. Mo wá fi Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022 hàn wọ́n lórí Netflix. Háà, ẹ ò rí i! Nígbà tí Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í jí òkú dìde tí orí ẹ̀ wá ń wú, tó ní àfi kí wọ́n fún òun lọ́mọ ọba, màmá mi ń bá tẹlifíṣọ̀n wí pé "ìwọ ọmọ yìí, rọra o, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn kì í ṣe tìẹ." Àwọn ọmọ mi náà jókòó tì wọ́n, wọ́n ń bi wọ́n pé Grandma kí ló sọ, kí nìyẹn túmọ̀ sí, ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù torí Yorùbá ẹnu wọn ò tíì dán mọ́rán.

Ìbéèrè mi ni pé èwo ló kàn? Mo rí House of Ga'a, mo rí Jagun Jagun, mo rí Lísàbí, mo rí Seven Doors, mi ò mọ èyí tí mo máa mú. Màmá mi ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n sì fẹ́ Yorùbá tó jinlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ ní kí n fi Netflix sílẹ̀ pé gbogbo ẹ̀ ló wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí YouTube. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀gbá:
Ẹ kú àlejò màmá o, Adùkẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n ṣe àṣèlọ ayọ̀. Èmi ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, Lísàbí ni màá kọ́kọ́ sọ, mi ò ní purọ́. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún wa láti kékeré ni, bí àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́, ṣe ń wá gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwa Ẹ̀gbá tí wọ́n á tún máa fìyà jẹ èèyàn lé e, tí Lísàbí wá fi ẹgbẹ́ àárò kó àwọn àgbẹ̀ jọ. Ẹ mọ̀ pé àárò kì í ṣe ogun, oko la fi ń bára wa ro, lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìẹ, kò sí ìlàrí tó máa rí àwọn àgbẹ̀ tó ń ro oko pọ̀ kó fura. Lateef Adédiméjì ló ṣe Lísàbí, ó sì gbìyànjú gan-an. Ohun tó bí mi nínú nígbà yẹn ni pé apá kìíní jáde ní September 2024, ibi tó ti dùn ni wọ́n gé e sí, January 2025 la tó rí apá kejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò ní irú wàhálà yẹn, méjèèjì ti wà níbẹ̀, ẹ wò ó tẹ̀léra. Ẹ má kàn jẹ́ kí àwọn ọmọ dá a wò o, ìwà ìkà àwọn ìlàrí yẹn le díẹ̀.

Bọ̀dé Ọ̀yọ́:
Adùkẹ́, tó bá jẹ́ Yorùbá tó jinlẹ̀ ni màmá ń wá, House of Ga'a ni kẹ́ ẹ mú. July 2024 ló jáde, Bọ́láńlé Austen-Peters ló darí ẹ̀, Fẹ́mi Branch ló ṣe Baṣọ̀run Gáà. Ọkùnrin yẹn lẹ́nu! Tó bá ń sọ̀rọ̀ ẹ máa mọ̀ pé ẹni tó ń fi ọba jẹ tó sì ń pa ọba ló ń sọ̀rọ̀. Màmá yín á ti mọ ìtàn yẹn dájú, torí kò sí ọmọ Yorùbá tí ò gbọ́ "bí o láyà o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà o sọ òótọ́", àwọn tó sì lọ sẹ́kọ́ńdírì láyé ọjọ́un ti ka eré onítàn tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ lórí ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ o, mi ò ní tàn yín, ìtàn Gáà ò ṣeé sọ láìsí ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ tọkàn mi. Àwọn fíìmù ogun àti ààfin tó ń jáde lẹ́nu ọdún mẹ́ta mẹ́rin yìí, inú mi dùn sí wọn, owó wà níbẹ̀, ẹ wo aṣọ, ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀, ẹ wo ilé tí wọ́n kọ́, Kúnlé Afọláyan kọ́ odidi abúlé sí Ìgbòjáyè níbí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ torí irú fíìmù yìí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, ẹ dijú kẹ́ ẹ máa fetí gbọ́ ọ. Kábíyèsí á jókòó, ìjòyè á wọlé, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó ki Kábíyèsí, kò sí olorì kan tó fi oríkì kí ọkọ ẹ̀, ìjòyè á kàn máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní mítìn ọ́fíìsì. Onílù á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ pẹ̀lú dùndún, á máa lù, èmi tí wọ́n bí s'Ọ́yọ̀ọ́ máa tẹ́tí pé kí ló ń wí, kò wí nǹkan kan! Ó kàn ń lu awọ. Dùndún tí ò kí ọba tí ò sọ pé ta ló ń bọ̀, kí ló wá ṣe láàfin? Ẹ lọ wo Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ìlù yẹn gan-an ni ìtàn, ọba tí ò tẹ̀lé ètò ìwúyè sá fún un torí bí wọ́n bá lù ú nígbà tí adé wà lórí ẹ̀, ó tán. Kì í ṣe pé owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn o. Wọ́n kàn fi ẹni tó mọ èdè sídìí ìwé eré ni, ó sì tún jẹ́ kí àwọn òṣèré gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ẹ̀gbọ́n Onífídíò (Mushin):
Bọ̀dé, o sọ ọ́ o, àmọ́ jẹ́ n fi kún un torí mo ṣe video club láyé kásẹ́ẹ̀tì, mo mọ ohun tí ń mú kí àwọn èèyàn wá. A máa ń lọ kó kásẹ́ẹ̀tì n'Ídùmọ̀tà, a á to gbogbo ẹ̀ sórí pákó lẹ́yìn káńtà, ẹni tó bá fẹ́ háyà á kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé, á fowó ìdúró sílẹ̀, ọjọ́ kejì ló gbọ́dọ̀ dá a padà, tó bá sì dá a padà láì rewind ẹ̀ ó máa sanwó lé e. Tí àwòrán bá ti ń fọ́, a ó tú fídíò, a ó fi òwú àti sípírítì nu orí ẹ̀. Ti Olúwa Nilẹ̀ tí Kèlání ṣe ní 1993, apá mẹ́ta ni, ẹni tó bá háyà apá kìíní láàárọ̀ Sátidé, kó tó dalẹ́ ó ti padà wá torí èkejì, tí èkejì bá sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíì ìjà dé nìyẹn. Kí ló ń fà wọ́n? Kì í ṣe aṣọ kì í ṣe kámẹ́rà. Ẹnu àwọn òṣèré yẹn ni, ọjọ́ kejì gbogbo àdúgbò á máa sọ ọ̀rọ̀ inú fíìmù yẹn kiri, ọmọ kékeré á máa fi pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ níjà. Lẹ́yìn náà ni síídì dé, àwọn kan ń da fíìmù bíi mélòó kan pọ̀ sínú àwo kan tí wọ́n ń tà á lójú títì ní owó pọ́ọ́kú, ta ló tún fẹ́ wá háyà? Bí ṣọ́ọ̀bù àwa onífídíò ṣe tì nìyẹn, títí dòní ó ṣì ń dùn mí fún àwọn tó ṣe fíìmù yẹn ju ara mi lọ, torí owó wọn ni àwọn tó ń da fíìmù pọ̀ yẹn gbé sá lọ.

Adùkẹ́ àbúrò mi, èmi ò ní kí màmá wo ogun rárá. Ẹ wá Ayinla tí Kèlání ṣe ní 2021, Lateef yẹn náà ló ṣe Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà Abẹ́òkúta tí wọ́n pa ní 1980. Kì í ṣe tuntun tuntun mọ́, mo mọ̀, àmọ́ tí màmá yín bá ti tó ẹni tó gbọ́ àpàlà nígbà èwe, wọ́n á kọrin yẹn tẹ̀ lé e, ẹ ó rí i. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá inú ẹ̀ ń bú ara wọn, wọ́n ń bára wọn ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n ń mutí, kò sí ẹni tó ń gbé ohùn sókè bí ẹni tó ń ṣe eré ìtàgé. Bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Kẹ́mi Àkúrẹ́:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ YouTube tí ọ̀rẹ́ yín sọ, ma. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbé fíìmù Netflix sí YouTube jí i ni, ẹ má wò ó níbẹ̀, ó máa ń dúdú, wọ́n á yí ohùn ẹ̀ padà kí wọ́n má bàa mú wọn. Èyí tó jẹ́ tòótọ́ níbẹ̀ ni ti àwọn òṣèré fúnra wọn, ọ̀pọ̀ wọn ló ti ní chánẹ́ẹ̀lì tara wọn báyìí, Bímbọ́ Adémóyè tó ṣe Arọ́lákẹ́ nínú Aníkúlápó gan-an ti ní, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú tiẹ̀ ṣá. Ibẹ̀ lèmi máa ń wà torí níbí owó ti le: nígbà tí Netflix gbé owó sókè ní July 2024, ti orí fóònù nìkan di 2,200 náírà lóṣù, èyí tó ga jù di 7,000, January 2025 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, tún fún àwọn oníléeṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà, ẹ wá rò ó, ẹni tó ń wo fíìmù lófẹ̀ẹ́ ń sanwó dátà.

Àwọn fíìmù YouTube yẹn, ìtàn ìyàwó àti ìyá ọkọ, ìtàn ayálégbé àti lánlọ́ọ̀dù, èmi fẹ́ràn wọn, mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n Mushin pé wọ́n ń sọ Yorùbá ilé. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín orin abẹ́lẹ̀ kù! Ìyá ń sunkún ń sọ ohun tó ń dùn ún, dùùrù bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, àfi kéèyàn máa ka subtitle òyìnbó kó tó mọ ohun tí ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ń wí.

Adùkẹ́ Peckham:
Ẹ ṣeun ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ma, mo dúpẹ́. A ti wo Gáà. Bọ̀dé, òótọ́ lo sọ, màmá mi ò tiẹ̀ wo aṣọ, ńṣe ni wọ́n ń mi orí sí ọ̀rọ̀ ẹnu Fẹ́mi Branch, ìgbà tó sì kù díẹ̀ kó parí wọ́n ti sọ fún wa pé Aláàfin Abíọ́dún yẹn ló máa mú un. Ọmọ mi àgbà ní "Grandma ti wo ó tẹ́lẹ̀ ni?" Wọ́n ní rárá, ìyá àwọn ló sọ ọ́ fáwọn.

Seven Doors la wà lórí ẹ̀ báyìí, ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ tó jáde ní December 2024. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó, ṣé ẹ rí Chioma Akpotha? Ọmọ Ìgbò tó ń ṣe olorì Yorùbá, ó ń fi gbogbo ara sọ ọ́. Màmá mi ní "ẹ ò rí ọmọ ẹni ẹlẹ́ni tó ń forí kọ́ èdè wa." Mo gbọ́ pé òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó peregedé jù ní AMVCA 2025 torí ipa yẹn, Fẹ́mi Adébáyọ̀ náà gba ti ọkùnrin, ó sì tọ́ sí wọn.

Bọ̀dé Ọ̀yọ́:
Ó tọ́ sí Chioma dáadáa. Tí ẹni tí kì í ṣe Yorùbá bá lè kọ́ ọ débi yẹn, kí ni àwáwí àwọn ọmọ tiwa tó ń wọ sányán tó ń ka Yorùbá bí ẹni ka lẹ́tà? Owó tí wọ́n ń ná sórí ẹṣin àti idà yẹn, kí wọ́n mú díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n fi wá àgbà kan tó gbọ́ ìjìnlẹ̀ sí lókèèṣọ̀n, kó máa jókòó ti adarí eré lójoojúmọ́. Kí wọ́n sì wá ọmọ Àyàn gidi kan sídìí ìlù. Àwọn méjèèjì ò ní gbowó tó ẹṣin.

Ìyá Ìbejì Ẹ̀gbá:
Mo fara mọ́ ọn. Tí Fúnkẹ́ Akíndélé bá tún gbé nǹkan jáde ní December, ẹ gbé màmá lọ sí sinimá tí wọ́n bá ṣì wà lọ́dọ̀ yín, tí wọ́n bá mú un wá sí Lọ́ńdọ̀nù. A Tribe Called Judah rẹ̀ ni fíìmù Naijíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá wa. Kì í ṣe Yorùbá pọ́nbélé, àmọ́ ẹ̀rín tó wà níbẹ̀ tó èèyàn.

Adùkẹ́ Peckham:
Màá gbọ́ o ma. Ayinla ló kàn ní Friday, mo ti sọ fún wọn pé àpàlà ni, wọ́n ti ń kọrin ẹ̀ ní kíṣìnì láti àárọ̀. Ẹni tó bá mọ èyí tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè wò láìsí ogun láìsí oògùn, tí wọ́n ń sọ Yorùbá tó dáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀gbọ́n Onífídíò (Mushin):
Wá Ṣaworoidẹ yẹn fún wọn, àbúrò. Àlọ́ ló jọ, orin wà níbẹ̀, ìlù wà níbẹ̀, ẹ jókòó tì wọ́n níbi tí àwọn sójà ti dé. Kí o sì pa subtitle yẹn fún wọn, kí wọ́n máa bi màmá.