Kámẹ́rà wo ni kí n gbé wọ ọkọ̀ ojú omi?

Ẹ̀yin ará, mo ń ya fọ́tò ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé inú ọkọ̀ onígbòkun ní kí n wá lo oṣù mẹ́ta pẹ̀lú òun lójú òkun. Kámẹ́rà ńlá mi ò gbọdọ̀ kan omi, òun sì ni mo fi ń jẹun. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn 1: Olympus TG-6. Ó lè wọ omi dé mítà 15. Tèmi já bọ́ sódò l'Áṣẹ́jírè, kò ṣe nǹkan kan.

Ìdáhùn 2: Ẹ bẹ̀rù iyọ̀ òkun ju omi lọ! Ẹ máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣan TG-6 náà lálaalẹ́. Kámẹ́rà ńlá, inú ike tó dé pinpin ni kẹ́ ẹ fi í sí.

Oníbèérè: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé mo lè fi iná ọkọ̀ gba iná sí TG-6 náà?

Ìdáhùn 1: Okùn USB ni TG-6 fi ń gba iná, kò le.