Ìwé ìrántí Bàbá wa: ṣé ká kọ ọmọ Kumasi sí i?

Àbígbẹ̀yìn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Lóṣù tó ń bọ̀ ni Bàbá wa máa pé ọdún kan tí wọ́n ti sùn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, díákónì sì ni wọ́n ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ti sanwó gbọ̀ngàn, ankara ti dé. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìwé ìrántí, torí èmi ni mo wà lọ́dọ̀ wọn dópin.

Láti 1970 síwájú kò ṣòro fún mi rárá. Ṣọ́ọ̀bù àwo wọn ní Tákíè wà ńbẹ̀, ìwé gbèsè tí wọ́n ń kọ tí wọn kì í fi í sin ẹnikẹ́ni lówó náà wà ńbẹ̀. Gbogbo ọmọ-ọmọ ni wọ́n fún lórúkọ Gáná: ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Kwame, tọjọ́ Ẹtì, Kofi. Twi, èdè Gáná, ni wọ́n fi ń ka owó, tínú bá sì bí wọn, Twi náà ni wọ́n fi ń buni.

Ohun tó ṣáájú ìyẹn ni kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n délẹ̀. Kumasi ní Gáná ni wọ́n ti ń ṣòwò títí ìjọba Busia níbẹ̀ fi lé àwọn àlejò lọ́dún 1969. Nígbà ìsìnkú, obìnrin kan pè láti ibẹ̀, ó ní ọmọ Bàbá lòun, òun ò tíì máa rìn nígbà tí wọ́n lọ. Àbúrò Bàbá, ìyá wa àgbà, ní òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dárúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Màmá wa ṣì wà láyé. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ tún bá mi wo ti ọjọ́ orí: pátákó ìsìnkú ní 92, ìyá àgbà ní ọdún tí ogun Hitila bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bí wọn.

Ìyá Ìbejì, Ìlọrin: Ẹ kú ìrántí Bàbá. Ọ̀dọ̀ màmá yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Kó má jẹ́ inú ìwé tí wọ́n ń pín kiri ni wọ́n ti máa bá a pàdé. Àmọ́ obìnrin tó ti bá ọkùnrin gbé láti nǹkan bí 1970, mo fura pé ó ti mọ̀ kí wọ́n tó bí ẹ̀yin.

Kẹ́hìndé, London: Èmi wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n yín o. Gbogbo ìjọ ló máa ka ìwé yẹn. Ẹ parí ọ̀rọ̀ nínú ilé ná kẹ́ ẹ tó gbé e síta.

Lọ́yà Ìbàdàn: Ogún ló ń ba ẹ̀gbọ́n yín lẹ́rù, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Ìwé ìrántí kì í ṣe ìwé ìhágún. Bí orúkọ ọmọ wà ńbẹ̀, bí kò sí ńbẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò yí padà. Abala 42 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò gbà kí wọ́n torí bí wọ́n ṣe bí ọmọ Nàìjíríà kan fi nǹkan dù ú. Nínú àṣà Yorùbá pàápàá, ọmọ tí bàbá bá ti gbà lọ́mọ nígbà ayé rẹ̀ yóò ní ìpín, ìbáà jẹ́ ìdí igi (ìyàwó kan, ìpín kan) lẹ fi pín in tàbí orí-ò-jorí (ọmọ kan, ìpín kan). Ẹ wá ẹ̀rí pé Bàbá gbà á.

Ọmọ Ajílété: Ọmọdé ni mí ní Tamale, ní Gáná, lọ́dún 1969 yẹn. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ni wọ́n kéde pé kí àwọn àlejò máa lọ, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fún ẹni tí kò níwèé ìgbélùú. Bàbá mi ta ọjà tó kún ìsọ̀ ní owó ọkọ̀. Àwọn tó fẹ́ ọmọ ibẹ̀, ọ̀pọ̀ àna ló ní ọmọ àwọn kò ní bá àlejò lọ sílùú tí àwọn ò mọ̀. Lọ́rì la wọ̀, a gba Togo, a gba Dahomey (Benin òde òní), a dé Èkó. Nítorí náà, ẹ má kọ ọmọ yẹn bí ẹni ń kọ ìwà ìbàjẹ́. Ìjọba ló tú ilé ká.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ bi ìyá àgbà: nígbà tí Nkrumah gba òmìnira lọ́dún 1957, ṣé ọmọ iṣẹ́ ni Bàbá àbí wọ́n ti ní ìsọ̀ tiwọn? Bó bá jẹ́ ogun Hitila ló bá wọn láyé, wọn ò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà yẹn. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ la gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ sí Gold Coast (Gáná òde òní), ẹ kọ̀wé sí ìjọ wọn ní Kumasi bóyá ìwé ìrìbọmi ṣì wà. Ẹ sì gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ bí wọ́n bá ń ki oríkì. Ẹ má fi í dọ̀la.

Àbígbẹ̀yìn: Ẹ ṣeun o. Mo ti lọ bá Màmá. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Wọ́n ní Afua lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọjọ́ Ẹtì, àti pé àwọn gan-an ni wọ́n máa ń lọ ra aṣọ tí Bàbá ń fi rán awakọ̀ sí i! Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbi tó tọ́ sí i: àkọ́bí. Ibẹ̀ wá lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n mi ò gbé fóònù mi mọ́.

Ìyá Ìbejì, Ìlọrin: Háà! Mo mọ̀ ọ́n! Ẹ sọ fún bùrọ̀dá pé àwọn náà ni Dáwódù, obìnrin ni Afua. Ṣé ankara ṣì kù?

Àbígbẹ̀yìn: Ó kù, Mà. Màmá ti fi ọ̀pá mẹ́fà pamọ́. Ọ̀la ni mò ń lọ gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀, ọjọ́bọ̀ ni atẹ̀wé fẹ́ gba iṣẹ́.

Kẹ́hìndé, London: Ó dáa, mo ti yí èrò mi padà. Ẹ bi Afua bóyá ó ní fọ́tò Bàbá ti ayé ọjọ́un.